Lẹ́tà L tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀jẹ̀ mi

Lára aṣọ, L ni pé ó tóbi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń ránṣọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo L tí mo bá sì rí lẹ́yìn ọrùn ẹ̀wù, ohun tó ń sọ fún mi náà nìyẹn. Nígbà tí ọmọ láàbù wá na bébà kan sí mi láti ojú fèrèsé lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, tí mo rí L mẹ́rin tí wọ́n tò wálẹ̀ lábẹ́ orúkọ mi, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Mo ní àṣé ẹ̀jẹ̀ mi náà ti sanra.

"Mọ́mì, ẹ mú un lọ fún dókítà yín."

Kò wo ojú mi. Ẹni tó bá ń ránṣọ fún obìnrin á mọ ojú tí ènìyàn ń gbé sá. Bí oníbàárà ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá mọ̀ pé owó ọwọ́ òun kò pé. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n dá fún iṣẹ́ abẹ mi. Fáíbírọ́ìdì ni, ohun tí àwọn ẹlẹ́wé ọmọ Ọjà Jagun ń pè ní ìjù. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí nǹkan oṣù mi ti sọ ara rẹ̀ di àlejò tí kì í fẹ́ lọ: ọjọ́ mẹ́jọ, ọjọ́ mẹ́sàn-án, tí mo máa ń tẹ́ aṣọ dúdú sórí àga máṣíìnì kí àwọn ọmọ iṣẹ́ má baà rí nǹkan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Dókítà ní kí n mú ọjọ́ tó bá rọ̀ mí lọ́rùn, bí ìgbà tí ìdílé méjì bá ń mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Oṣù Kejì ni mo mú, torí pé aṣọ Kérésì àti tọdún tuntun á ti lọ, ti Àjíǹde kò sì ní tíì dé.

Ẹ jẹ́ kí n ka bébà náà fún yín bó ṣe wà. Apá òsì ni orúkọ ohun tí wọ́n kà, àárín ni iye tèmi, apá ọ̀tún ni iye tí wọ́n ní ó yẹ kó jẹ́. WBC 3.1, ó yẹ kó wà láàárín 4.0 sí 11.0: L. Neutrophil 1.2, ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láti 2.0: L. PCV 26, ó yẹ kó jẹ́ 36 sókè: L. MCV 67, ó yẹ kó jẹ́ 80 sókè: L. Platelet 471, kò yẹ kó ju 400 lọ: H.

Dókítà tó bá mi wò ó kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ojú rẹ̀ sì wú bí ojú ẹni tí kò fẹ̀yìn lélẹ̀ láti àná. Ó fi bíró yí ìlà kìíní àti ìkejì po. "Mọ́mì, ẹ̀jẹ̀ funfun yín ti lọ sílẹ̀. Àwọn ni sójà ara. Bí a bá la ikùn yín báyìí tí kòkòrò wọlé, wọn ò ní lè bá a jà. A máa dá iṣẹ́ abẹ yìí dúró ná, kí àwọn tó ń rí sí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ rí yín." Mo bi í pé kí ló fà á. Ó ní ó lè jẹ́ ohun púpọ̀. Kò yẹ kí wọ́n máa sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ènìyàn lọ́jọ́ Ẹtì kí wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Ní ti PCV, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa mi, kò fi bíró kàn án. Ó ní, "Ẹ ṣáà máa mu oògùn ẹ̀jẹ̀ yín dáadáa."

N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Ìlú wa kì í kúkú ṣe àjèjì sí ilé ìwòsàn: láti 1907 tí Dókítà George Green, òyìnbó Bàtísíìtì, ti dé síbí la ti ń gba abẹ́rẹ́ tí a sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi tí ẹ̀rọ bá ti ń tẹ èsì jáde.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí n rí dókítà ẹ̀jẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, mo bo orí mọ́ aṣọ ìbora, mo bi Google. Ẹ má bi Google ní nǹkan lóru. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Kògbóògùn. Mùdùnmúdùn egungun tó ti gbẹ. Wọ́n ti yẹ kògbóògùn wò lára àyẹ̀wò ọjọ́ kan náà, wọ́n sì ti kọ ọ́ pé kò sí, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dìde lọ ṣí fáìlì kí n lè tún un kà. Bàbá ọmọ mi kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń dìde lọ mu omi ni, ẹni tí kì í mu omi lóru. Àǹtí mi ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni, ó tilẹ̀ dárúkọ oníbàárà kan tí mo rán bùbá há mọ́ lára ní 2022. Ó mú mi lọ sí ìṣọ́ òru. Mo lọ, n kò sì ní purọ́ pé kò tù mí nínú. Ní ṣọ́ọ̀bù, mo rán apá òsì ẹ̀wù sí ojú ọ̀tún, ọmọ iṣẹ́ mi àgbà tú u láìsọ̀rọ̀.

Ní ti 26, kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ ṣú sí i. Gbogbo ayé ló mọ oògùn rẹ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Tákíì: mọ́ọ̀tì àti mílíìkì. Ìyá ọkọ mi gún ewé ùgú, ó fún omi rẹ̀ fún mi. Ìyá tó ń ta ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi kó poroporo ọkà bàbà wá, mo ń sè é, ó ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ gan-an. Fẹ́sólétì, oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kọ fún mi, mọ́ọ̀tì tí mo ti da mílíìkì sí ni mo fi ń gbé e mì, kí gbogbo wọn lè jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Mo rò pé mo gbọ́n. Bí obìnrin bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ òun kéré nílùú yìí, bí ìgbà tó sọ pé ó rẹ òun ni. Wọ́n á ní "pẹ̀lẹ́ o", wọ́n á sì bi í pé aṣọ àwọn dà.

Dókítà ẹ̀jẹ̀ náà, obìnrin ni, ó ti súnmọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún, ó wọ búláòsì kan tí ọwọ́ tó rán an mọ́ dáadáa. (Mo máa ń wò ó. N kò lè ṣe é kí n má wò ó.) Kò kọ́kọ́ wo bébà. Ó ní kí n la ẹnu, ó fọwọ́ tẹ abẹ́ àgbọ̀n mi, ó tẹ abíyá, ó tẹ ìhà òsì.

"Ṣé egbò máa ń wà lẹ́nu yín léraléra?"

"Rárá, mà."

"Eéwo? Ibà tí kì í lọ bọ̀rọ̀? Tí abẹ́rẹ́ bá gún yín lọ́wọ́, ṣé ó máa ń di ọgbẹ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ojoojúmọ́ ni abẹ́rẹ́ ń gún mi, mà, kì í di ọ̀la kó tó jiná. Ó bi mí ní oògùn tí mò ń lò, ó bi mí ní àgbo, ó ní kí n má fi ìkankan pamọ́. Lẹ́yìn náà ló bèèrè bóyá mo ní èsì àtijọ́ nílé. Ọpẹ́lọpẹ́ bàbá ọmọ mi tí kì í ju bébà nù. Nínú ike tó ń kó ríṣíìtì iná sí ló ti wá èsì méjì jáde: ti 2016, 3.3, ti 2020, 3.0. L àti L. Láti 2016, ó kéré tán, ni lẹ́tà yìí ti ń bá mi gbé, tí mò ń jí, tí mò ń ránṣọ, tí n kò mọ̀ pé ó wà.

Ó ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi tẹ́ẹ́rẹ́ sójú gíláàsì kí òun fojú ara òun wò ó. Ó ní ẹ̀rọ mọ iye, kò mọ ìrísí tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n tún un kà tó jẹ́ 2.9, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ funfun yín kò ṣàìsàn. Bí ẹ ṣe rí nìyẹn. Tèmi gan-an, 3.4 ni."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta wá ni wọ́n gba ìwọ̀n rẹ̀ sórí bébà yìí?"

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní àwọn òyìnbó ni púpọ̀ nínú wọn, ìwọ̀n tó bá ẹ̀rọ wá ni.

Ẹ ò mọ bí ara mi ṣe tú. Ohun tí mo fi ń jẹun nìyẹn! Àwọn ọmọ Yunifásítì máa ń gbé kóòtù òkìrìkà wá bá mi tí ọjọ́ àṣeyẹ wọn bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kóòtù tó dára, tí apá rẹ̀ sì ń bo ìka ọwọ́ wọn. N kò sọ fún ọ̀kan nínú wọn rí pé, "Ọwọ́ rẹ kúrú, lọ rí dókítà." Apá kóòtù ni mo máa ń gé.

Ó fi sùúrù là á yé mi. Àmì kan wà tó máa ń wà lára ẹ̀jẹ̀ pupa, Duffy ni wọ́n ń pè é. Orúkọ aláìsàn kan ní England ni, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kí wọ́n mọ àmì náà ní 1950. Àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ní in lára ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀. Àìní in sì ṣe àwọn baba ńlá wa lóore: oríṣi ibà kan wà, Plasmodium vivax, tó jẹ́ pé ibi Duffy yìí ló máa ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ pupa. Ní 1976 ni wọ́n fi ìyẹn hàn. Níbi tí kò bá ti sí ilẹ̀kùn, kì í sábà rọrùn fún un láti wọlé. (Ibà tó ń dà wá láàmú níbí, falciparum, ilẹ̀kùn tirẹ̀ yàtọ̀.) Àmọ́ ẹni tí kò bá ní àmì yìí, neutrophil, ìyẹn oríṣi ẹ̀jẹ̀ funfun kan, tí wọ́n máa kà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń kéré sí ti òyìnbó, 2009 ni wọ́n sì tó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. "Sójà kò dín," ó ní. "Wọn kì í kàn pẹ́ lójú títì ni. Inú bárékè ni wọ́n wà. Bí ìjà bá dé, wọ́n á jáde."

Ó wá sọ èyí tó dùn mí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kárí ayé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap ní 2002, tí wọ́n fẹ́ mọ bí àbùdá àwọn ènìyàn ṣe jọra àti bí ó ṣe yàtọ̀, àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ wọn, 90 ènìyàn. Láti ọ̀dọ̀ wa sí Ìbàdàn, bíi 100 kìlómítà ni. Ẹ̀jẹ̀ wa ti lọ kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́, ó padà wálé, bébà láàbù ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù lásán ló ń ti ibẹ̀ wá. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2021 nípa àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ ńlá fa mùdùnmúdùn inú egungun wọn nítorí irú iye báyìí, tó sì jẹ́ pé bí a ṣe dá wọn nìyẹn.

Ó kìlọ̀ fún mi kí n má lọ máa wí fún gbogbo ọjà pé L kì í ṣe nǹkan. Bó bá jẹ́ pé 6 ló wà tẹ́lẹ̀ tó já sí 3. Bí ẹ̀jẹ̀ funfun, ẹ̀jẹ̀ pupa àti platelet, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bá jọ ń wọlẹ̀ pọ̀. Bí ibà àti egbò ẹnu bá ń bá a rìn. Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, kí ẹni bẹ́ẹ̀ má sì jókòó sílé.

Mo ti ń kó báàgì mi. Mo ti ń rò ó bóyá ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n á gbà mí wọlé.

"Ẹ jókòó," ó ní. "A ò tíì sọ ohun tó ń ṣe yín." Ó mú bíró, ó yí 26 po.

Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò retí. "Ṣé nǹkan kan wà tí ẹ ń jẹ, tí kì í ṣe oúnjẹ?"

N kò dáhùn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti ń fẹ̀sùn kan ara wọn láti bí ọdún kan nítorí ṣọ́ọ̀kì tí a fi ń fa ilà sára aṣọ. Mo máa ra páálí kan lónìí, kó tó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní sí mọ́. Mo tilẹ̀ ti bá ọmọ kan wí nítorí rẹ̀. Èmi ni mò ń jẹ ẹ́. Èyí tó pupa ni mo fẹ́ràn jù. Mo máa kọ́kọ́ fi ahọ́n kan etí rẹ̀, bí ẹni fẹ́ mọ̀ bóyá ó mú, kí n tó fi eyín gé e. Òórùn rẹ̀ dà bí òórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, bàbá ọmọ mi pàápàá kò mọ̀. Mo sọ fún obìnrin yìí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Irin ló tán lára yín. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Àwọn kan ń jẹ ìrẹsì tútù, àwọn kan ń jẹ yìnyín."

L kẹta, L kẹrin àti H yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọ́n ń sọ. Ìjù ti fa ẹ̀jẹ̀ ọdún mẹ́ta jáde lára mi, irin sì bá a lọ. PCV 26, bí ẹ bá fi 3 pín in kí ẹ lè fojú bu hemoglobin, èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n, kò pé 9. 12 ni wọ́n ní kí ti obìnrin tí kò lóyún má dín sí. Irin tí kò sí ló jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pupa mi kéré ní ìrísí, ohun tí MCV ń sọ nìyẹn: bí aṣọ kò bá tó, aránṣọ á rán an kó kúrú. Platelet náà máa ń gbéra sókè bí irin bá ti tán. Dókítà tó máa kùn mí lóorun kò sì ní fọwọ́ kàn mí lábẹ́ 30. Òfin 30 yìí ti pẹ́, láti 1942 tí dókítà méjì ní Mayo Clinic, Adams àti Lundy, ti kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn dókítà òde òní ń jiyàn lórí rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ìdì máa ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹni tó bá sì fi 26 wọ ibẹ̀ dà bí ẹni tó lọ ọjà láìmú owó dání.

"Báwo ni ẹ ṣe ń lo Fẹ́sólétì yín?"

Mo sọ fún un. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní mílíìkì kì í jẹ́ kí irin inú rẹ̀ wọ ara, tíì náà kì í jẹ́. Ó ní bí ẹní ń da omi sínú ajẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí. Kí n máa lò ó kí n tó jẹun, kí n fi ọsàn tì í. Ó fi oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù kù kún un.

Àkókò máńgòrò ń wọlé bọ̀, ẹ sì mọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá di àkókò máńgòrò. Ọjọ́ tí kò bá sí ọsàn, máńgòrò ni mo fi ń ti Fẹ́sólétì. Ìgbẹ́ mi dúdú bí èédú, ó sì le. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, PCV di 29. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ó di 33. Páálí ṣọ́ọ̀kì kan lo oṣù méjì lórí tábìlì, ọmọ tí mo bá wí sì ń wò mí lójú lójú. Mo ra bàtà fún un, n kò sọ ìdí rẹ̀.

Wọ́n ní kí a wá ẹni méjì tó máa fún mi lẹ́jẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn tó àròkọ lọ́tọ̀. Ọkùnrin méje ló ṣèlérí. Ẹni méjì ló wá, ọ̀kan nínú wọn ni ọlọ́kadà tí n kò rán ju ṣòkòtò kan ṣoṣo fún rí.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Àjílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, ni wọ́n ní kó má fi nǹkan kan ẹnu láti òru. Dókítà kékeré yẹn náà ni mo bá ní wọ́ọ̀dù. Ó ṣí fáìlì mi, mo rí i tí bíró rẹ̀ dúró lórí WBC. Kó tó la ẹnu, mo ti na lẹ́tà dókítà ẹ̀jẹ̀ sí i. Ó kà á tán, ó tún un kà, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Dókítà tó máa kùn mí lóorun fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó mi orí. Ìgbà tí mo tún lajú, ó ti parí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí bándéèjì, mo ní kí nọ́ọ̀sì bá mi gbé dígí. Mo wo ojú abẹ́rẹ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ tó rán an, àmọ́ ká ní ọmọ iṣẹ́ mi ni, n bá ní kó tú ìdajì apá ọ̀tún.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n tún ka ẹ̀jẹ̀ mi. PCV 36, kò sí lẹ́tà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. WBC 3.2, L. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo ṣí ìwé tí mò ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, mo wá ojú ewé tèmi. Àyà 40. Ìbàdí 44. Gígùn apá 23. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ funfun 3.2.

Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà yọjú láti ẹ̀yìn mi. "Ọ̀gá, ibo lára nìyẹn?"